Ìlà Tí Kò Jẹ̀bi

Bódìjà, Ìbàdàn
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú

Àjàní, ọkọ mi,

Láti ọjọ́ tí ẹ ti kó ẹrù yín lọ sí Àbújá ni ilé yìí ti fẹ̀ jù fún mi. Bàbá rẹ ń sùn ní pálọ̀, mo ti fọ abọ́ tán, mo wá jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ láti kọ̀wé sí ọ. Mo mọ̀ pé fóònù wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, wàá ní, "Màámi, mo wà níbi iṣẹ́, mo máa pè yín padà." Ìwé kì í jẹ́ kí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni. Jẹ́ kí n sọ tinú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọkàn mi sì balẹ̀.

Inú mi dùn sí ipò tí wọ́n gbé ọ sí. Ẹni tí mo ń bá wá ẹsẹ̀ bàtà kan lábẹ́ àga láràárọ̀ kó lè tètè dé iléèwé, òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ọlọ́run tó gbé ọ débẹ̀ á mú ẹsẹ̀ rẹ dúró. Ṣùgbọ́n wọn kì í kọ́ ènìyàn ní bí a ti ń ṣe olórí ní yunifásítì. Ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan ní Ring Road ni èmi ti rí i, bó sì ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Mo mọ̀ pé ìwọ àti Yétúndé ìyàwó mi lẹ máa jọ ka lẹ́tà yìí, olùkọ́ ọmọdé sì ni, kò bá wa sí nínú ìjà kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, màá ṣàlàyé àwọn ohun tí ìwọ ti mọ̀. Má ṣe fo ibẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní pólì, n kò tíì mọ bàbá rẹ rárá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń gbé yàrá kan ní Agbowó. Mo rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kékeré kan ní Ring Road, yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Ẹni tó ni ọ́fíìsì náà ni Díákónì Ọ̀jẹ́wálé, ará Ògbómọ̀ṣọ́, onítẹ̀bọmi paraku. Bàbá la máa ń pè wọ́n.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Bàbá ti ṣe láti kékeré. Wọ́n ti to lẹ́tà olójé lọ́kọ̀ọ̀kan títí orí wọn fi funfun. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, inú gbogbo ẹgbẹ́ wọn dùn, àfi àwọn nìkan. Ìdí ni pé èyí tí wọ́n ń tà ní Ìbàdàn nígbà yẹn kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, áńbọ̀sì àmì ohùn. Wọ́n á tẹ ìwé Yorùbá tán, ẹnì kan á wá mú bírò, á máa fi tọ àmì sábẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá bi mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ pé, "Mojí, ṣé báyìí la ṣe máa fi Yorùbá sílẹ̀, kó máa rìn kiri láìwọ bàtà?" Ohun tó mú wọn ra ìwé nìyẹn, tí wọ́n sì fi ọjọ́ ogbó kọ́ èdè C, tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, fúnra wọn.

Ètò tí à ń kọ á gba ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀, á sì mú kí pírńtà tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè. Bàbá fúnra wọn ló kọ fáìlì àwọn lẹ́tà. Èmi ni wọ́n fún ní apá tó ń gé ìlà, kí ọ̀rọ̀ má baà kọjá etí ìwé. Obìnrin kan wà tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Dùgbẹ̀, Ìyáàfin Adébímpé, tó fẹ́ tẹ ìwé kíkà fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á wá lọ́jọ́ Ẹtì láti wo ojú ewé kan. Bó bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwa la máa ṣe iṣẹ́ náà. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, bírò ò tíì tán lọ́jà. Bàbá ti ta mọ́tò wọn nítorí ọ́fíìsì yẹn. Wọn kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé bí ti ọjọ́ Ẹtì bá dàrú, wọ́n á ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé fílọ́pì mi, àwo pẹlẹbẹ tí à ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí nígbà yẹn, dé láti Agbowó. Orí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi ni mo ti kọ tèmi, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Bàbá ní kí n fi gbólóhùn kan sókè fáìlì mi tó máa pe fáìlì àwọn lẹ́tà wọlé, nítorí gbogbo fáìlì ọ́fíìsì ló ní in. Mo fi í sí i. Mo wá pe kọ̀ǹpáílà. Yétúndé, kọ̀ǹpáílà ni ètò tó ń sọ ohun tí a kọ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó tọ́ka sí ìlà kan nínú fáìlì mi, níbi tí mo ti kéde orúkọ méjì. S ni mo pe ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, E ni mo pe ibi tó parí sí, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè wọ́n. Ìlà náà kò ju báyìí lọ:

int S, E;

Àjàní, ìwọ náà wò ó. Kí ló ṣe é? Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lánàá lè kọ ọ́. Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò pátápátá, ó bá tún kọ̀ ní ìlà mìíràn tí mo ti fi iye kan sínú S. Mo dá a padà. Kọ̀ǹpáílà tún nàka sí i.

Ní ọjọ́rú, Bàbá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà láti orí èjìká mi. Wọ́n ti pe Ìyáàfin Adébímpé lórí fóònù láàárọ̀ pé ọmọ tó ń bá àwọn ṣiṣẹ́ ló ba apá kan jẹ́, àmọ́ á ti dára kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo gbọ́ ọ. Ó dùn mí wọ egungun.

"Mojí," wọ́n ní, "ìlà rẹ ló ń tọ́ka sí."

"Bàbá, kò sí nǹkan kan tó ṣe ìlà yẹn. Ó ṣiṣẹ́ ní Agbowó."

"Fáìlì tèmi ti wà nínú iṣẹ́ yìí kó o tó dé, kò dá wa dúró rí. Ṣé kọ̀ǹpútà á wá máa purọ́ mọ́ ọ ni?"

Mo dìde. Mo ní, "Bí kọ̀ǹpútà ò bá purọ́, a jẹ́ pé èmi ni mò ń purọ́ nìyẹn."

Ohùn tí mo fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn tí a fi ń bá ẹni tó tó bí ni sọ̀rọ̀. Bàbá kò jágbe mọ́ mi. Wọ́n kàn ní, "Gbé báàgì rẹ. Lọ sinmi. Èmi máa kọ apá tìrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo gbé e, mo sọ̀ kalẹ̀, ọkàn mi sì sọ fún mi pé n kò ní gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́ láyé.

N kò lọ sí Agbowó. Apete ni mo lọ, sọ́dọ̀ Àǹtí Sàlámọ̀, àbúrò ìyá mi tó ń rán yunifọ́ọ̀mù iléèwé. Mo rojọ́ fún wọn láti òkè délẹ̀. Wọn kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Kí lo ń wá gan-an? Ṣé kí bàbá yẹn mọ̀ pé o ò jẹ̀bi ni, àbí kí iṣẹ́ náà yọrí?"

"Méjèèjì ni."

"Èwo lo máa kọ́kọ́ wá?"

Wọ́n já òwú, wọ́n ní, "Lọ bu oúnjẹ. Ebi ń pa ọ́, o ò lè dáhùn."

Èyí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀, ọmọ mi. Má fi ìkanra gbé báàgì rẹ kúrò nídìí iṣẹ́ tí kò tíì yọrí. Bí ara bá ta ọ́, jẹun, kó o padà lọ. Èmi tí mo rò pé mo ti lọ pátápátá, ọ̀kadà ni mo gùn jáde ní Apete ní kùtù òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Bàbá ti débẹ̀ ṣáájú mi. Búrẹ́dì wọn wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ìlà mi náà ló ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ àná."

"Ọ̀rọ̀ wo?" ni wọ́n wí. "Dìde, jókòó."

Mo jókòó. Mo sọ fún wọn pé látàná, èrò kan ti ń jà lọ́kàn mi. Ohun tí mo kọ la ti ń wò láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A ò tíì wo ohun tí kọ̀ǹpáílà rí. Yétúndé, ìwọ ni mò ń bá sọ ọ́: kì í ṣe kọ̀ǹpáílà ló ń kọ́kọ́ gba fáìlì. Ètò kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tó ń ṣe ìrọ́pò. Ènìyàn lè sọ fún un pé, "Níbikíbi tó o bá ti rí orúkọ báyìí, yọ ọ́, kó o fi nǹkan báyìí sípò rẹ̀." Mákírò la ń pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Kì í bi ọ́ léèrè, kì í wò ó bóyá orúkọ tìrẹ ni tàbí ti ẹlòmíràn. Ó bá a, ó yọ ọ́, ó tì í síwájú. Èyí tó ti rọ́pò tán ni kọ̀ǹpáílà ń kà. Olùkọ́ wa kan ní pólì sì ti fi hàn wá rí pé a lè ní kí ètò ìrọ́pò náà nìkan ṣiṣẹ́, kó kọ ohun tó bá rọ́pò sínú fáìlì mìíràn, kí ojú ènìyàn lè rí i.

"Ṣe é ká wò ó," ni Bàbá wí. Mo ṣe é. Fáìlì tó jáde gùn bí ọ̀nà Ọ̀yọ́. Bí mo ṣe ń wá ìlà mi nínú rẹ̀, Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ nígbà tí mo rí i:

int 159, 137;

S mi ti lọ. E mi ti lọ. Nọ́ńbà méjì ló jókòó síbi tí orúkọ wà, kò sì sí kọ̀ǹpáílà tó máa gbà kí wọ́n fi nọ́ńbà sọ nǹkan lórúkọ. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ibi tí àwọn nọ́ńbà náà ti wá. Nínú fáìlì àwọn lẹ́tà, Bàbá ti kọ ọ́ pé níbikíbi tí S bá wà, kí wọ́n fi 159 rọ́pò, nọ́ńbà tí pírńtà mọ̀ sí ṣ. Níbikíbi tí E bá wà, kí wọ́n fi 137 rọ́pò, òun ni ẹ. Nínú àwọn fáìlì tiwọn, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni S àti E ní. Ní Agbowó, fáìlì wọn kò sí lórí fílọ́pì mi. Àwa méjèèjì la sọ òótọ́ ní ọjọ́rú, òótọ́ wa ni kò tíì pàdé.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn, torí pé ọmọ mi ni ọ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dúró lórí àtẹ̀gùn kí n ké sí wọn pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Mo tún rò pé kí n rọra yí orúkọ tèmi padà, kí n ní ó ti ṣe, kí ojú má ti àgbà. Bí mo bá ṣe ti àkọ́kọ́, màá gbẹ̀san. Bí mo bá ṣe ìkejì, kòtò náà á wà níbẹ̀, á máa dúró de ẹlòmíràn. Mo gbọ́ ìró bàtà wọn tí wọ́n ń bọ̀.

"Bàbá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìlà yìí. Kí n lè mọ̀ bóyá ojú mi ló ń ṣe mí."

Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n fa gíláàsì wọn bọ́ sójú. Wọ́n kà á. Wọ́n tún un kà. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

"Mojí," wọ́n wá ní, "èmi ni mo sọ S di ọ̀kàndínlọ́gọ́jọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n èmi náà kò ṣí fáìlì yín wò kí n tó sọ tèmi lórúkọ."

"Òótọ́ ni. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ." Wọ́n mi orí. "Àmọ́ èmi ni mo kọ́ ilé náà, mo sì ti kó orúkọ gbogbo ọmọ tó ń bọ̀ wá bí sínú rẹ̀ tán."

Mo ní kí n yí tèmi padà, pé kò ní pẹ́ rárá. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹlòmíràn á tún já sí i lọ́la. Ni wọ́n bá fún àwọn lẹ́tà wọn ní orúkọ gígùn tí kò sẹ́ni tó máa ṣèèṣì lò ó, a sì wá gbogbo ibi tí wọ́n ti lo ti àtijọ́, nínú gbogbo fáìlì. Èmi ń kà, àwọn ń tẹ̀. Wọ́n bu búrẹ́dì náà sí méjì fún èmi àti àwọn. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo pe kọ̀ǹpáílà. Kò bá wa wí.

Ìkejì nìyẹn, Àjàní: ohun tí a bá dá sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti lò, ká fún un ní orúkọ tó máa dá yàtọ̀. Orúkọ kúkúrú, gbogbo ayé ló ni ín. Bí wọ́n bá sì gbé fáìlì ẹlòmíràn lé ọ lọ́wọ́, ṣí i, kà á.

Yétúndé, èyí kan ilé yín náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹun nílé àwọn bàbá ọkọ rẹ, wọ́n fi ẹran lọ̀ mí. Mo ní, "Rárá, ẹ ṣé." Nílé tiwa, "rárá" àkọ́kọ́ túmọ̀ sí pé kí ẹ tún fi lọ̀ mí. Nílé tiwọn, rárá ni rárá. Wọ́n dá ẹran padà sínú ìkòkò, mo sì ń wò ó bó ṣe ń lọ. Odindi ọdún kan ni mo fi rò pé ahun ni wọ́n. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ẹnì kejì yín bá ta yín lára, kí ẹ tó bínú, ẹ bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ́ nílé wọn. Ọ̀pọ̀ ìjà ni ò sí nínú ohun tí a sọ. Ìgbà tó bá dé etí ẹni tó gbọ́ ọ ló ti di nǹkan mìíràn.

N kò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà báyìí. Ẹ bá mi kà á.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Láìpẹ́ ìwọ náà á di àgbà níbi iṣẹ́ yẹn, bí irùngbọ̀n rẹ ò tilẹ̀ tíì kún. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi sábẹ́ rẹ á mú ìlà kan wá bá ọ pé kò jẹ̀bi. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ibi tí àṣìṣe ti fara hàn lè jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Wo ohun tí wọ́n kọ, wo ohun tí kọ̀ǹpútà rí, kó o tún wo ọwọ́ ara rẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyáàfin Adébímpé dé. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé báàgì lé itan. Bàbá tan pírńtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í han, orí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ìwé ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ìyáàfin gba ojú ewé náà, wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n fi ìka tọ abẹ́ ọ̀rọ̀ lọ títí dé ìsàlẹ̀. Mo rí i tí ẹnu wọn ń mì bí ti ọmọ tó ń kàwé.

"Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n yíjú sí mi. "Ṣé ọmọ tó ba iṣẹ́ jẹ́ lọ́jọ́ sí nìyí?"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, wọn kò ní in lọ́kàn láti bú mi. Mo wolẹ̀. Bàbá dìde lórí ìjókòó wọn.

"Ìyáàfin," wọ́n ní, "èmi ni mo sọ fún yín pé ọmọ yìí ba iṣẹ́ jẹ́. N kò mọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ mi ni àṣìṣe náà ti wá. Òun ló wá a rí, òun ló sì fi hàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò létí yín."

Ìyáàfin wo Bàbá, wọ́n tún wò mí. Wọn kò fún wa ní gbogbo ìwé náà lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó wà fún kíláàsì àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n fún wa, pé kí àwọn wò ó ná. Ó tó láti má ṣe ti ilẹ̀kùn.

Nírọ̀lẹ́, èmi àti Bàbá jọ rìn lọ sí Challenge láti wọ takisí. Mo ti gbé ìbéèrè kan kiri láti ọ̀sán, n kò lè gbé e délé. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi sọ ọ́ lójú Ìyáàfin? Iṣẹ́ ti yọrí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Wọ́n na ọwọ́ sí takisí kan tó ń bọ̀.

"Ìwọ mọ̀," ni wọ́n wí.

Takisí dúró. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún mi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wọlé, pé tàwọn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni kí n dákẹ́ sí, Àjàní. Bàbá rẹ ti jí, wọ́n ń bèèrè tíì. Wọ́n kí ẹ̀yin méjèèjì. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ lè wo ojú rẹ láìbẹ̀rù, kí ìwọ náà sì lè wo tiwọn.

Èmi tí mo pọ̀n ọ́,
Mojísọ́lá